Bí Mo Ṣe Kọ́ Gíríìkì Nítorí Etí Ìwé Tí Mo Gé

Àwọn ọmọ tó ń múra àtijáde níléèwé gíga ní ìjọ wa ló ní kí n wá sọ iṣẹ́ tí mo ṣe láyé fún wọn, kí wọ́n lè mọ èyí tí wọn yóò yàn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ ọ́, nítorí tí mo bá ń sọ̀rọ̀ níwájú èrò, mo máa ń gbàgbé ìdajì. Ẹ má retí pé n óò ní kí ẹ lọ kọ́ iṣẹ́ ìdìwé o. Iṣẹ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni ohun tí iṣẹ́ lè fi ẹni tó bá jókòó tì í ṣe. Èmi Àbẹ̀kẹ́, tí n kò kọjá ìwé mẹ́fà, ni iṣẹ́ ìdìwé sọ di ẹni tó ń ka Gíríìkì, èdè tí wọ́n fi kọ Májẹ̀mú Tuntun níbẹ̀rẹ̀. Kò sí olùkọ́ Gíríìkì kankan tó kọ́ mi. Àṣìṣe ọwọ́ mi ló rán mi níléèwé.

Bí mo ṣe wọṣẹ́ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyá mi ń ta òwú, abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì ní Ọjà'ba. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ ni Àáfà Ràjí, adìwé tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Bẹẹrẹ, lẹ́bàá ọ̀nà tó gòkè lọ sí Mápó. Lọ́jọ́ kan ó bá mi níbi tí mo ti ń tú òwú tó ta kókó, ó dúró wò mí títí mo fi tú u tán.

Ó ní, "Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ọwọ́ ọmọ yín yìí ní sùúrù. Ẹ jẹ́ kó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi."

Ìyá mi ní Aládùúrà ni wá, ṣé kò ní í sọ ọmọ òun di Mùsùlùmí? Àáfà rẹ́rìn-ín. Ó ní ìwé lòun ń dì, òun kì í di èèyàn. Bí mo ṣe di ọmọṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, nígbà tí àwọn ọdún àádọ́rin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Ti owó, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. N kò fi ebi sùn, n kò sì kọ́lé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Ọdún méjì gbáko ni mo lò kí Àáfà tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Òwú ni mo ń fi ìda oyin pa. Mo ń tú ẹ̀yìn ìwé tó ti gbó, mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn ìdọ̀tí kúrò lára ewé rẹ̀. Ní àràárọ̀, Àáfà á ní kí n na ọwọ́ mi síta, á sì wo èékánná mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá jẹ ẹ̀pà kò gbọdọ̀ wọlé títí tí yóò fi fọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Òun fúnra rẹ̀ á ṣe àlùwàlá kó tó fọwọ́ kan Àlùkùráánì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló fẹ́ lẹ̀.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rán ìwé, wàhálà dé. Tí mo bá rán odindi ìwé kan tán, Àáfà á mú ewé kan láàárín, á fà á díẹ̀. Bó bá mì, á mú àlùmọ́gàjí, á gé gbogbo òwú náà láti òkè délẹ̀. Kì í pariwo, kì í nani. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń sọ: "Tún un ṣe." Ìwé kan wà tí mo rán nígbà mẹ́fà. Mo máa ń sunkún, mo sì máa ń bú u nínú ikùn mi, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ní ọdún kẹrin, ó fa ewé, ewé kò mì, ó sì gbé ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìsọ nǹkan kan. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí mo ṣe ìrìbọmi lọ, kí Ọlọ́run foríjì mí.

Àṣà kan wà ní ṣọ́ọ̀bù wa tí n kò rí níbòmíràn. Tí a bá rán ìwé tán, a máa ń fi ọ̀bẹ ńlá gé etí rẹ̀ lọ́nà mẹ́ta kó lè dọ́gba. Ìgékù tó bá bọ́ lára ìwé ilé-ìwé, àwọn ẹlẹ́pà ló ń wá kó o. Ṣùgbọ́n ìgékù ìwé mímọ́, ìbáà ṣe Àlùkùráánì, ìbáà ṣe Bíbélì, inú àpò kan tó so kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ló ń lọ. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, bí oṣù Ààwẹ̀ bá ku díẹ̀, Àáfà á sun ún, á sì da eérú rẹ̀ sínú odò. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi ya ti àwa Krìstẹ́nì sínú àpò ọ̀tọ̀. Ó ní kí n lọ rán iṣẹ́ mi.

Àṣà kejì jẹ́ ti àwa ọmọṣẹ́. Bíbélì tí wọ́n ń lò nílé kì í ṣàì ní ìwé jágbajàgba tí àwọn ọmọ kékeré fi bírò kọ sí etí rẹ̀. Tí a bá rí irú rẹ̀, a máa ń ti ọ̀bẹ wọlé díẹ̀ sí i, kí gbogbo rẹ̀ lè bá ìgékù lọ, kí ìwé mọ́ bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Ènì tí a ń ṣe fún oníbàárà nìyẹn. Wọn kì í béèrè, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá rí i, wọ́n á máa súre.

Mo ti lo ọdún mẹ́fà, fírídọ̀mù mi ku oṣù mẹ́ta, ìyá mi ti ń sọ ọ́ fún gbogbo ọjà. Ìgbà náà ni Bàbá Adéoyè wá láti Òkè Bọ́lá. Pásítọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó sì ti kọ́ àwọn pásítọ̀ mìíràn ní Gíríìkì nígbà kan. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé Májẹ̀mú Tuntun Gíríìkì rẹ̀ wọlé.

Ó ní, "Àáfà, ọ̀rẹ́ mi rè é. Ẹ̀yìn ló ń dùn ún. Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀."

Àáfà gbé ìwé náà sórí pẹpẹ òkè. Lọ́jọ́ kejì, òkú àna rẹ̀ pè é sí Ìlọrin. Kó tó lọ, ó ní kí n rán àwọn ìwé ilé-ìwé tó wà nílẹ̀, kí n má fọwọ́ kan ohunkóhun lórí pẹpẹ. Ọ̀rọ̀ tó yé mi yékéyéké ni. Ṣùgbọ́n mo ti parí ìwé ilé-ìwé ní ọjọ́ kẹta, mo sì rò pé bí ọ̀gá bá dé tó bá ìwé Gíríìkì náà ní títán, yóò mọ̀ pé mo ti tó ọ̀gá. Ìgbéraga ni, n kò ní orúkọ mìíràn fún un.

Mo rán ìwé náà dáadáa. Títí di òní, n kò tíì rán ìwé kan tó dáa jù ú lọ. Nígbà tó ku gígé, mo wo etí rẹ̀, mo rí i pé ó kún fún jágbajàgba: àwọn ìkọ́rọ́ kéékèèké tó lọ́ bí ìkọ́, dúdú, búlúù, pupa, òmíràn dùbúlẹ̀, òmíràn dórí kodò. Èmi kò mọ lẹ́tà tí wọ́n fi tẹ ìwé náà, báwo ni n óò ṣe mọ èyí tí ẹnìkan fọwọ́ kọ? Mo ní, "Áà, àwọn ọmọ-ọmọ Bàbá yìí ti ṣe ìwé yìí báṣubàṣu." Mo ti ọ̀bẹ wọlé dáadáa. Mo ṣe ènì.

Bàbá Adéoyè ló kọ́kọ́ dé ṣáájú ọ̀gá. Mo fi ìdùnnú gbé ìwé náà fún un. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó mi orí, ó ní mo ṣeun. Lẹ́yìn náà ló ṣí i. Ó ṣí ewé kan, ó ṣí òmíràn, ó ń yára ṣí i.

"Ta ló gé e?"

"Èmi ni, sà. Mo fi ṣe ènì fún yín ni."

Ó fọwọ́ wá bẹ́ǹṣì kó tó jókòó. Ó ní, "Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Gbogbo ohun tí mo ti rò nípa ìwé yìí láti ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, etí rẹ̀ ni mo kọ ọ́ sí."

Mo wólẹ̀ lórí eékún mi méjèèjì. Bàbá kò bú mi, ì bá sàn bó bú mi. Ó fọwọ́ ti bẹ́ǹṣì dìde, ó gbé ìwé náà sórí tábìlì, ó sì jáde láìmú un dání.

Nígbà tí Àáfà dé láti Ìlọrin, èmi fúnra mi ni mo sọ fún un kó tó bọ́ bàtà. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí: "Ìgékù ẹ̀ dà?" Mo nawọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó fò dé ibẹ̀, ó da àpò náà sórí ẹní, ó tú u wò. Àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ ìwé náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìkọ́rọ́ wọn, wọ́n dà pọ̀ mọ́ ìgékù odindi ọdún kan. Oṣù Ààwẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́jọ. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ ló fẹ́ sun ún.

Ó jókòó lórí ẹní náà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì kọjú sí mi.

"Àbẹ̀kẹ́, ọjọ́ tí ìwé yìí bá pé lo máa gba fírídọ̀mù. Ìwọ lo gé e, ìwọ lo máa lẹ̀ ẹ́. O ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ òfo lọ bẹ Bàbá nílé. Ẹ̀bẹ̀ ò lè lẹ̀wé."

Ìyá mi wá bẹ̀ ẹ́. Pásítọ̀ wa wá. Àwọn ìyá ọlọ́jà mẹ́ta tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí bíi tirẹ̀ wá, wọ́n ní kó wo ojú Ànọ́bì. Àáfà fún gbogbo wọn ní omi tútù mu, kò sì yí ohùn pa dà. Ìyá mi bínú, ó ní adìwé mìíràn wà ní Bẹyẹrunkà, kí n kó ẹrù mi kí n máa bọ̀, ọdún kan ni n óò lò níbẹ̀ tí wọ́n á fi tú mi sílẹ̀. Mo rò ó wò dáadáa, nítorí ojú ń tì mí lọ́jà. Ṣùgbọ́n mo rántí bí Bàbá Adéoyè ṣe fọwọ́ wá bẹ́ǹṣì kó tó jókòó. Mo sọ fún ìyá mi pé n kò lọ. Oṣù méjì ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀.

Bó ṣe rí nìyí. Ọ̀bẹ ti la ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Bàbá sí méjì: ìdajì kù lórí ewé, ìdajì wà lára tẹ́ẹ́rẹ́ tó bọ́. Ewé náà ju ọgọ́rùn-ún mẹ́ta lọ. Ibi tí Bàbá ti kọ Yorùbá, mo ka ìdajì yìí mọ́ ìdajì yẹn, mo lẹ̀ ẹ́. Oṣù kan ni mo fi ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n Gíríìkì ló pọ̀ jù níbẹ̀, àti àwọn ọ̀rọ̀ kúkurú tí Bàbá mú jáde láti inú ìlà tí wọ́n tẹ̀ sórí ewé. Mo gbìyànjú láti máa fi ojú wọn ìkọ́rọ́ mọ́ ìkọ́rọ́. Mo lẹ nǹkan bí ogójì báyẹn, inú mi sì ń dùn. Lẹ́yìn ọdún kan, nígbà tí mo ti ń kà díẹ̀, mo rí i pé márùn-ún péré ló wà ní àyè rẹ̀. Àáfà ní kí n tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n tipẹ́ kí ọdún náà tó pé, ìyókù kò bá ibì kankan mu, mo sì rí i pé bí n kò bá lè kà á, n kò lè lẹ̀ ẹ́. Níbo ni ọmọ Ọjà'ba ti ń rí Gíríìkì kọ́? Ọ̀gá ti ní n kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ Bàbá lọ́wọ́ òfo. Mo lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan ní Oríta-mẹ́rin tó ń ta ìwé àlòkù fún àwọn alákàrà, mo ń tú òkìtì rẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ keje, mo rí ìwé kan tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Gíríìkì. Alákàrà kan ti ya ojú ewé mẹ́wàá àkọ́kọ́ lọ. Ojú ewé mẹ́wàá yẹn gan-an ni lẹ́tà wà, bí wọ́n ṣe ń pè é àti bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ẹnìkan ti fi álífábẹ́ẹ̀tì mi di àkàrà jẹ.

Bí a bá ń gún iyán nínú ewé, tí a ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó á yó. Mo ronú pé Májẹ̀mú Tuntun, níbikíbi tó bá wà, ìran Jésù ló fi bẹ̀rẹ̀, orúkọ lórí orúkọ: lágbájá bí làkáṣègbè, làkáṣègbè bí tàmẹ̀dù. Mo ṣí Bíbélì Yorùbá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé Bàbá. Lóòótọ́, ojú ewé àkọ́kọ́ kún fún àwọn ọ̀rọ̀ tó ní lẹ́tà ńlá níwájú, ọ̀rọ̀ kan náà sì ń pa dà wá láàárín orúkọ méjì méjì. Mo ní ìyẹn ni "bí". Láti inú Ábúráhámù ni mo ti rí A, mo rí B tí ìrù rẹ̀ gùn. Ohun tó jọ P níbẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ R, ìyẹn sì fi ọ̀sẹ̀ méjì dà mí láàmú. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kí orúkọ tó tán, mo ti ní gbogbo lẹ́tà àfi méjì.

Àáfà ń wò mí. Lọ́jọ́ kan, ó gbé wàláà wá láti ilé, pátákó tí àwọn ọmọ ilé kéú fi ń kọ́ Lárúbáwá, pẹ̀lú ìgò tàdáà, yíǹkì àwọn oníkéú.

Ó ní, "Mi ò mọ èdè yẹn, ṣùgbọ́n mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ èdè tí èèyàn ò gbọ́. Kọ ọ́ síbí. Kà á sókè. Ọjọ́ tí o bá kà á láìkọsẹ̀ lo máa fọ̀ ọ́ nù kọ òmíì."

Bí mo ṣe ń ké kéú Gíríìkì nìyẹn. Bí Àáfà bá kí ìrun Àsárì tán tí ọwọ́ bá dilẹ̀, á jókòó, á di ojú, èmi á gbé wàláà sórí itan, n óò sì máa kà á lóhùn òkè bí ọmọ ilé kéú. Kò mọ bóyá ohun tí mo ń kà tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà, ṣùgbọ́n bí mo bá lọ́ra níbì kan, á la ojú. "O kọsẹ̀. Padà sẹ́yìn." Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkùnrin kan tó ń tún bàtà ṣe níwájú wa máa ń kí mi pé, "Àáfà obìnrin, ẹ kú kéú." Mo máa ń dá a lóhùn pé kó tọ́jú bàtà, kó fi èdè sílẹ̀.

Ó dójú ẹ̀ ní ìjọ wa. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ń ka èyí tí mo kọ́ lọ́jọ́ náà lóhùn òkè. Ìyá Ìjọ wọlé, ó ké hòsánnà, ó ní ẹ̀mí ti bà lé Àbẹ̀kẹ́. Kí n tó mọ̀, wọ́n ti yí mi ká, Wòlíì sì ti mú ìwé àti bírò láti kọ iṣẹ́ tí Ọlọ́run rán mi.

"Arábìnrin, kí ni wọ́n ń wí?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. 'Mo ń tú u, ò ń tú u, ó ń tú u' ni mo ń kà ní Gíríìkì."

Wòlíì ronú díẹ̀, ó ní àṣẹ, ìdè yóò tú. Mo jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Ọdún àkọ́kọ́, tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ́sẹ̀ ni mo ń rí àyè rẹ̀. Ọdún kejì, ó di mẹ́rin, márùn-ún. Mo ra ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé ìkọ́ni náà fẹ́rẹ̀ẹ́ le ju Gíríìkì lọ. Mo se sítáàṣì gbágùúdá, mo fi káńfọ̀ sí i kí aáyán má jẹ ẹ́, mo sì fi pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ di ojú ibi tí ewé àti tẹ́ẹ́rẹ́ ti pàdé. Ní ọdún kẹta, mo ń ka ẹsẹ kan lọ nítorí tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi, mo ka ẹsẹ mẹ́ta mọ́ ọn, kí n tó rí i pé n kò ṣí Bíbélì Yorùbá rárá. Mo kígbe. Àáfà ní ṣé abẹ́rẹ́ gún mi ni.

Bí mo sì ṣe ń lẹ̀ ẹ́ ni mo ń mọ Bàbá Adéoyè. Níbì kan ó kọ ọ́ pé òjò kò jẹ́ kí òun lọ wàásù. Níbòmíràn, ó kọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ àti pé ibà ń ṣe é. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn ọkùnrin tí mo ṣẹ̀ yìí, ìyẹn sì mú kí ẹ̀ṣẹ̀ náà wúwo sí i.

Kí n tó mú yín dé ilé Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyókù iṣẹ́ náà, nítorí tí mo bá dé ibẹ̀, n kò ní í fẹ́ pa dà wá sọ̀rọ̀ gúlúù. Mo ní ṣọ́ọ̀bù tèmi lẹ́yìn náà, ní Bẹẹrẹ níbẹ̀, mo sì kọ́ ọmọṣẹ́ mọ́kànlá. Gúlúù tí a ń fi awọ màlúù sè tó ń rùn dé títì, ó lọ, gúlúù funfun inú ike dé. Ọ̀bẹ tí a ń fi apá tẹ̀ di ti iná mànàmáná, tí NEPA bá fẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì dé sí gbogbo orígun, ike oníhò tẹ̀ lé e, tí wọ́n ń fi gún ẹ̀yìn ìwé ní ìṣẹ́jú méjì. Ìwé tí mo ń fi ọjọ́ mẹ́ta rán, ọmọ kékeré ń fi ike dì í níbi tó ti ń jẹ búrẹ́dì. N kò bú wọn, ayé kì í dúró de abẹ́rẹ́ ẹnìkan. Àáfà Ràjí kú nígbà tí àwọn ọdún àádọ́rùn-ún ń parí, mo sì tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ náà tán nìyẹn.

Ó wá ku ilé Bàbá.

Ọdún mẹ́rin ló tó kí ìwé náà pé. Tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́tàdínlógún ni n kò rí, mo sì kọ ojú ewé wọn sínú ìwé kékeré kan kí n má parọ́. Àáfà mú ìwé náà, ó fa ewé kan, ewé náà kò mì. Ó wọ agbádá, ó ní ká máa lọ. Ẹsẹ̀ la fi rìn láti Bẹẹrẹ dé Òkè Bọ́lá nínú ọyẹ́.

Ìyàwó ọmọ Bàbá ló ṣílẹ̀kùn. Bàbá jókòó sórí àga lẹ́bàá fèrèsé. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, èmi lọmọ tó gé ìwé yín. Mo ti lẹ̀ ẹ́ padà." Mo gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́. Kò ṣí i wò. Ó ń fi ìka tọ etí rẹ̀ lọ, níbi tí tẹ́ẹ́rẹ́ ti pàdé ewé, ó tọ̀ ọ́ lọ sókè, ó tọ̀ ọ́ wálẹ̀.

"Etí ẹ̀ rè é?"

"Òun ni, sà. Ó ku mẹ́tàdínlógún."

Ó gbé ìwé náà lé orí itan. Ó wá ní, "Ọmọ mi, o pẹ́. Ojú mi ti lọ láti èṣí. Mi ò lè kà á mọ́."

Ọdún mẹ́rin, mo sì pẹ́. Mo wo Àáfà, Àáfà ń wo ilẹ̀. N kò mọ ìgbà tí mo sọ ọ́: "Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín."

"Gíríìkì ni," Bàbá ní, bí ẹni tó ń tu ọmọdé nínú.

Mo gba ìwé náà, mo ṣí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lóhùn òkè, bí mo ṣe kọ́ ọ lórí wàláà. Bàbá naró lórí àga. Mo kà á lọ, kò dá mi dúró. Nígbà tí mo mí, ó ní, "Ta ló kọ́ ọ báyìí?"

"Ìwé yín ni, sà. Àti wàláà Àáfà."

"Kéú lò ń ké!" Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ń wúkọ́. "Ọlọ́run mi, ó ń ké Gíríìkì ní kéú! Ó dáa. Ka ohun tí mo kọ síbẹ̀ fún mi. Èyí tó wà létí ibi tí o dé yẹn."

Mo kà á: ẹyọ ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan, àti ìlà mẹ́ta tó fi ń sọ ohun tó rò pé ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Mo rántí tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn dáadáa. Oṣù kan àti ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wá àyè rẹ̀.

Bàbá ní, "Tún un kà."

Mo tún un kà. Ó mi orí.

"Kò rí bẹ́ẹ̀. Mi ò kọ ọ́ dáadáa. Pa á rẹ́."

Àáfà Ràjí, tí kì í pariwo, ló pariwo. "Ẹ ní kí ni? Ọdún mẹ́rin, Bàbá! Ọdún mẹ́rin lọmọ yìí fi wá a, mo mú fírídọ̀mù ẹ̀ dání torí ẹ̀, ẹ wá ní kó pa á rẹ́?"

"Àáfà, ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ yẹn, mo fi wàásù, mo fi kọ́ àwọn ọmọ iléèwé, mi ò sì yẹ̀ ẹ́ wò mọ́ láti ìgbà tí mo ti kọ ọ́. Etí mi lónìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ pé irọ́ ni. Tí kì í bá ṣe pé ọmọ yìí wá a rí, tó sì kà á sí mi létí, ṣebí ǹ bá gbé e lọ sí sàréè ni." Ó kọjú síbi tó ti gbọ́ ohùn mi. "Ó ku ọ̀pọ̀ tó yẹ ká yẹ̀ wò. Ọjọ́ wo lo lè máa wá?"

Mo ní, "Gbogbo ọjọ́ tó bá wù yín, sà."

"Ó dáa. Pa ìyẹn rẹ́ ná, kóo kọ èyí tí mo bá sọ. Bírò dà?"

N kò ní bírò. Àáfà ń mí bí ẹni tó gun Mápó. Lẹ́yìn náà ló ki ọwọ́ bọ àpò agbádá rẹ̀, ó yọ bírò tirẹ̀, ó nà án sí mi.

"Gbà," ó ní. "Fírídọ̀mù ẹ rè é."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, omi ń bọ́ lójú mi, mo sì fa ìlà gbọọrọ lé ohun tí mo fi oṣù kan àti ọ̀sẹ̀ méjì wá.